Hóró Oògùn Ìyá Àjọjẹ

Aṣọ ibùsùn funfun ti ilé àlejò ni ìyàwó akunlé ń sá sórí okùn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń bá a di igun kejì mú, nígbà tí ìyá náà dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Kì í dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ìyá Àjọjẹ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé bó bá jẹ́ ẹyọ ẹ̀pà kan ṣoṣo ló bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò wá ẹni tí yóò bá a pín in, ọ̀rọ̀ ni yóò sì fi jẹ ìlàjì tirẹ̀. Ìyàwó gbọ́ tí nǹkan ró gbì. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, okùn ti já, aṣọ funfun ti wálẹ̀, ìyá sì wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ó ṣí aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Ojú ìyá là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń bọ̀ nímú rẹ̀.

Akunlé sáré jáde láti inú yàrá, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó lò lánàá ṣì gbẹ mọ́ ọn ní ìgbọ̀nwọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ìyá wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n fi omi tútù nu ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ padà wá sáàárín wọn.

“Òòyì lásán ni,” ló sọ. “Ẹ lọ ṣa aṣọ aláṣọ nílẹ̀ ná.”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi dà?” Akunlé bi ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó fa agolo mílíìkì tí oògùn náà máa ń wà nínú rẹ̀ jáde. Ó mì í. Kò dún. Ó ṣí i, ó sì bá àwọn káàdì oògùn tó ti ṣófo, gbogbo ojú wọn ló ti fàya.

“Ó ti tán.”

“Báwo ló ṣe tán? Oògùn odindi oṣù kan ni wọ́n fún wọn. Oṣù ò tíì dé ìdajì.”

“Èmi náà ń bi ara mi ni.”

Akunlé wo agolo. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ lọ sí igun yàrá níbi tí páálí ọṣẹ tuntun kan wà, tí wọn ò tíì já okùn rẹ̀.

“Ibo lo ti rówó ọṣẹ yẹn?”

“Ilé àlejò tí mò ń bá fọṣọ ló san àsansílẹ̀.”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan wà tó ń ra oògùn lọ́wọ́ èèyàn lábẹ́ afárá.”

Ìyàwó dé agolo náà padà.

“Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mo ta oògùn Màámi fi ra ọṣẹ?”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn gbé e kalẹ̀ kí n fọwọ́ ara mi gbé e ni.”

Lórí ẹní, ìyá la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tún pa á dé. “Ẹ má jà,” ni gbogbo ohun tó jáde, ó sì kọjú sí ògiri.

Ilé tí wọ́n ń gbé, bí o bá fi ṣíbí kan ìdí ìkòkò, yàrá kẹta ti mọ̀ pé oúnjẹ yín tán. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé orí ọṣẹ, àwọn alájọgbé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Onídìrí tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán ló ṣáájú, òun tí wọ́n ń pè ní Rédíò, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Aránbàtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, òòlù kékeré lọ́wọ́. Rédíò rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n tí ìyàwó á fi gbọ́ ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé.

“Ebi ni. Mo ti ń rí i tipẹ́. Lánàá yìí ni mo rí ìyá yẹn tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyàwó ayé ìsinsìnyí, wọ́n á gba ọmọ, wọ́n á sọ ìyá di ẹrù. Wò ó, orí tèmi gan-an ti ń fọ́ láti ìjẹta, bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé…” Ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

Aránbàtà húkọ́, ó sì wo òòlù rẹ̀ bí ẹni pé òun náà fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ èyí tó mọ́. “Sátidé lòní,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀. “Àwọn oníṣègùn ọ̀fẹ́ wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án.”

“Ká tún lọ tọrọ oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa? Kí la fẹ́ wí fún wọn?”

“Tí ìtìjú bá máa pa wá, kó dúró kí Màámi rí ìtọ́jú ná.”

Ọmọlanke tí akunlé fi ń kó garawa ọ̀dà lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé ìyá sí. Ìyàwó ká aṣọ ibùsùn tó ti dọ̀tí náà sí i lẹ́yìn kó lè fara tì í, ó ṣe tán, aṣọ náà ti bàjẹ́ bó ṣe máa bàjẹ́. Akunlé di ọwọ́ ọmọlanke mú, aránbàtà ń bá a tì í láti ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Rédíò so gèlè mọ́rí, ó ní òun náà fẹ́ lọ wo orí òun tó ń fọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a padà.

“Mo ti wá di garawa ọ̀dà báyìí,” ni ìyá sọ nígbà tí táyà bọ́ sójú títì. “Àwọ̀ wo ni mo jẹ́?”

“Funfun,” ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

“Funfun ti pọ̀ jù láyé. Ẹ lú mi mọ́ pupa díẹ̀.”

Ìyàwó ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ọ̀nà wọn gba ẹnu géètì ilé ìwòsàn ńlá kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ wo ọmọlanke, ó wo bàtà akunlé tí ọ̀dà ti mú le bí pátákó, ó sì yíjú síbòmíràn. Kì í ṣe ìkà. Ó ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó béèrè ni. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé: Ẹ SANWÓ KÍ Ẹ TÓ RÍ DÓKÍTÀ. Akunlé mọ ògiri yẹn dáadáa. Òun ló kùn ún, òun náà ló sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. Ó ti ọmọlanke náà yára.

Ní ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún kan àgbọ̀n. Lára pátákó ìkọ̀wé, ọmọ kan ti ya ilé kan tó tóbi ju oòrùn lọ, kò sì sẹ́ni tó ní ọkàn àtinù ún kúrò. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nínú àwọn tó wọ aṣọ funfun níbẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi wọn ni wọ́n gbé wá, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé ọsàn wá kí aláìsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń to àwọn èèyàn. Ó ti fi abẹ gé iwájú bàtà rẹ̀ kí àtàǹpàkò tó wú lè rí ibi mí.

Bó ṣe rí ọmọlanke, ó fi ìlà sílẹ̀ ó sì lọ pàdé wọn.

“Àwa náà ti wà níbí láti kùtù,” ni bàbá kan kùn láti iwájú ìlà.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá a pààrọ̀ ara ni?” ni ẹnì kan bi í láti ẹ̀yìn.

Ìlà rẹ́rìn-ín. Bàbá náà wo ìyá nínú ọmọlanke, ó sì fi ọ̀pá ara rẹ̀ la ọ̀nà fún un.

Nọ́ọ̀sì we rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ìyá lápá, ó fún un, ó tẹ́tí. Ó tún un ṣe. Kò sọ ohun tó rí. Ó pe dókítà, obìnrin kékeré kan tó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọṣọ. Ìyẹn ní kí ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di ìka òun mú pinpin, ó ní kó gbé apá sókè.

“Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá.”

“Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín?”

“Ẹ rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn.”

Ìyá fi eyín tó kù hàn án. Apá méjèèjì ẹnu rẹ̀ gòkè dọ́gba, dókítà sì mí.

“Kò tíì wọlé,” ló sọ fún akunlé. “Èyí tó máa ń gba apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Àmọ́ ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ti dúró di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.”

Wọ́n fún ìyá ní oògùn, wọ́n so bẹ́ǹṣì méjì pọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n sì ní kó dùbúlẹ̀ kí wọ́n lè tún un wọ̀n. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wá fara balẹ̀.

“Màmá, èmi fúnra mi ni mo ka oògùn sí yín lọ́wọ́. Ó yẹ kó ṣì kù rẹpẹtẹ. Ṣé ẹ ń lò ó?”

Ìyá ń fi ìka fa etí aṣọ tó dùbúlẹ̀ lé.

“Ẹ bi ìyàwó mi,” ni akunlé sọ. “Òun ló ń tọ́jú agolo.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́. Ìyàwó gbé ojú lé ilé tó tóbi ju oòrùn lọ, lára pátákó. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu níbẹ̀, ẹkún ló máa ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí ìyá bá padà sílé láìsí ìdáhùn, orúkọ olè ni òun yóò máa fi jí láràárọ̀ nínú ilé yẹn, yóò máa fi fọ aṣọ, yóò máa fi sùn.

“Ẹ jókòó, ìyàwó,” ni nọ́ọ̀sì wí fún un. Kò wò ó bí olè. Ìyàwó jókòó.

Ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn, Rédíò ti rọ́nà débi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan tó ń bi í léèrè.

“Irú oògùn wo lẹ ti lò sí orí fífọ́ yìí?”

“Ẹyọ funfun kékeré kan báyìí, tó nílà láàárín. Ìlàjì ìlàjì ni wọ́n máa ń fún mi. Oògùn yẹn dáa, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì, ẹsẹ̀ yín á fúyẹ́, ilẹ̀ á máa rọra fì bí ọkọ̀ ojú omi.”

“Ta ló ń fún yín?”

Rédíò la ẹnu. Láti ìgbà tí ilé náà ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò sóhùn. Ó yíjú sí bẹ́ǹṣì tí ìyá dùbúlẹ̀ sí, ó tún yára yí i kúrò. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń to bọ́tìnnì mọ́ ihò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Rédíò gé kúrú láàárọ̀. Ikọ́ aránbàtà. Àwọn obìnrin tó máa ń di orí mú wá sẹ́nu ọ̀nà ìyá nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á sì di ọwọ́ mọ́ nǹkan padà lọ. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ti fa aṣọ bojú.

“Èmi náà gbà á,” ni aránbàtà sọ lẹ́bàá ògiri, láìjẹ́ pé wọ́n bi í. “Ti ẹ̀yìn dídùn ni tèmi.”

“Ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ẹ̀yìn?” ni nọ́ọ̀sì bi í.

“Oògùn ṣáà loògùn lójú mi.”

“Ṣé ẹ̀yìn náà san?”

“Ẹ̀yìn ò san. Òòyì ló dà bò mí. Díẹ̀ ló kù kí n rán ìka mi mọ́ bàtà oníbàtà.”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín, ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá ṣí aṣọ kúrò lójú. “Kí ni kí n ṣe?” Ohùn rẹ̀ kéré. “Èèyàn di orí mú wá bá mi, oògùn sì wà nínú agolo mi. Kò lówó tó máa fi ra tirẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ṣé kí n ti ilẹ̀kùn kí n dá a jẹ?”

Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá yẹn tí kò tíì fi àjẹkù oògùn ẹlòmíràn wo ara rẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì jókòó sétí bẹ́ǹṣì. “Màmá, bó bá jẹ́ iyọ̀ ni, ẹ pín in. Èyí kì í ṣe iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiyín la wọ̀n ká tó fún yín, a ò wọn ti gbogbo ilé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ò ga, ó lè gbé ìlàjì yẹn mì kó ṣubú síbi tí kò ti ní dìde. Ẹ̀yin náà ẹ sì wò ó, ìlàjì tẹ́ ẹ ń fún wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín lọ. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mò ń sọ fún yín.”

Rédíò rọra jókòó, ó fi ọwọ́ kan àyà.

“Kí ni kí n wá sọ fún wọn bí wọ́n bá dé?” ni ìyá bi nọ́ọ̀sì.

“Ẹ má pín oògùn mọ́. Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa pín. Ẹni tó bá di orí mú wá bá yín, ẹ mú un wá síbí. Ṣé a gbowó lọ́wọ́ yín rí?”

“Ẹ ò gbowó.”

“A ò ní gbowó lọ́wọ́ tiwọn náà.”

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ìyá wọ̀n. Ó ti ń wálẹ̀. Dókítà fún wọn ní oògùn mìíràn, ó sì ṣàlàyé fún ìyàwó bí wọ́n ṣe máa lò ó. Akunlé dúró, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, bí ọmọ tí olùkọ́ pè síwájú.

“A dúpẹ́, dókítà. Bí kì í bá ṣe Sátidé, ibo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?”

“Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú ọ̀nà.”

Akunlé wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. “Èmi ni mo kun ògiri yín.”

“Èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí?”

“Èmi ni mo kọ ọ́.”

Dókítà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ tó ti ń wálẹ̀ padà sókè. “Mò ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀,” ló sọ. “Òun ló ń lé mi wá síbí ní Sátidé.” Ó na ọwọ́ sí ẹni tó kàn.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyàwó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè fi dúpẹ́ ju ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá dìde, ó ká aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó fi sábíyá.

“Ẹ fi sílẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì sọ. “A máa fọ̀ ọ́.”

“Iṣẹ́ mi ni, Màmá. Sátidé tó ń bọ̀, màá gbé e padà.”

Nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Ó wọ yàrá kejì lọ, ó sì mú méjì mìíràn wá lé e.

Lójú ọ̀nà, Rédíò dá rìn níwájú. Aránbàtà ń tì láti ẹ̀gbẹ́, ó ń wo táyà. Akunlé kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá na ọwọ́ jáde nínú ọmọlanke, ó wá ọwọ́ ìyàwó títí ó fi rí i.

“Mo gbọ́ nígbà tó ń bi ọ́ nípa ọṣẹ,” ló sọ. “Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìtìjú ló dì mí lẹ́nu.”

“Màámi, ẹ jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ má bọ́ lulẹ̀.”

Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Nígbà tí ìyàwó jáde láti inú yàrá lẹ́yìn tó ti fún ìyá ní tíì àti búrẹ́dì tó fi ẹyin sí láàárín, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó ti fi kẹrosíìnì wẹ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fi iyanrìn ha ìdí èékánná. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ó tún un wẹ̀. Aṣọ ibùsùn ilé àlejò tó kún fún ẹrẹ̀ wà nínú ọpọ́n, pẹ̀lú àwọn ti ilé ìwòsàn, ó sì ti já okùn páálí ọṣẹ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyàwó rẹ̀, ó dà wọ́n dé, ó ṣí wọn. Wọ́n mọ́. Ìyàwó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, bí ó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò kó tó gbé e fún oníbàárà, ó wá fi orí sọ fún un pé ó lè kì wọ́n bọ inú funfun.

“Má fi agbára bó o. Kì í ṣe ògiri,” ló sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní “ẹ” láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Akunlé bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ̀.

Rédíò wá dúró lẹ́yìn wọn, ìyarun lọ́wọ́. “Ìyàwó, jókòó, kí n bá ọ dirí. Ọ̀fẹ́ ni.” Kò sọ nǹkan mìíràn títí ó fi dì í tán, ìyàwó sì mọ ohun tó ná an.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ìyàwó awakọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà ìyá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di iwájú orí mú.

“Ìyá Àjọjẹ, ẹ gbà mí.”

Akunlé dá ọwọ́ dúró nínú ọpọ́n. Ọwọ́ ìyá ti dé orí agolo kí ó tó mọ̀. Agolo náà dún lọ́tẹ̀ yìí; ó kún. Ìyá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá ti agolo padà sábẹ́ ibùsùn, ó mú búrẹ́dì rẹ̀, ó là á sí méjì, ó na apá tó tóbi sí obìnrin náà.

“Jókòó, jẹun ná,” ló sọ. “Tó bá di Sátidé, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. Ọmọlanke ọmọ mi gba ẹni méjì.”